Ẹ Bi Akẹ́kọ̀ọ́ Léèrè Kí Ìdánwò Tó Dé



Nílé-iṣẹ́, a kì í dúró di ìparí oṣù kí a tó yẹ ẹ̀rọ wò. Bí epo bá ń jò, ojú ẹsẹ̀ la ń pa á, tí a ń tún un ṣe. Ṣùgbọ́n nílé-ẹ̀kọ́ gíga, olùkọ́ lè sọ̀rọ̀ fún odidi sáà kan láì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ òun kò yé ọmọ. Ìdánwò ló máa ń tú u fó. Nígbà náà, omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu, owó tí a fi òógùn ojú san sì ti wọlẹ̀.

Ọgbọ́n kan wà tí kò ná ni ní nǹkan. Ní Yunifásítì California ní Berkeley, ní Amẹ́ríkà, Charles Schwartz, tó jẹ́ olùkọ́ físíìsì níbẹ̀ nígbà kan rí, máa ń fi ìṣẹ́jú díẹ̀ sílẹ̀ níparí kíláàsì fún ìbéèrè méjì: Kí ló ṣe pàtàkì jù nínú ẹ̀kọ́ òní? Kí ni kò tíì yé yín? Thomas Angelo àti Patricia Cross fi ọgbọ́n yìí àti irú rẹ̀ mìíràn sínú ìwé wọn tó jáde ní 1988.

Ó dára kí ìwé pélébé náà má lórúkọ. Àwa náà mọ ìdí rẹ̀. Bí alága bá béèrè nípàdé pé, "Ṣé ó yé yín?" gbogbo wa á ní, "Ó yé wa!" Ìta la ti ń bi ara wa pé, "Kí ló tiẹ̀ sọ?"

Ṣùgbọ́n kíkó ìwé jọ nìkan kò tó. Olùkọ́ gbọ́dọ̀ kà á, kó sì tún ibi tó ta kókó ṣàlàyé ní kíláàsì tó tẹ̀ lé e. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, yóò dà bí àpótí àbá ẹnu géètì tí ẹnikẹ́ni kì í ṣí. Bẹ́ẹ̀ ni kò gbọdọ̀ di pàṣán lọ́wọ́ ọ̀gá láti fi na olùkọ́. Òṣìṣẹ́ bíi tiwa ni olùkọ́. Àtúnṣe la ń wá, a kò wá ẹ̀bi.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, ẹ bá àwọn olùkọ́ ọmọ yín sọ ọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń lọ sí kíláàsì ìrọ̀lẹ́, ẹ béèrè fún un. Kí ẹ̀ka wa náà bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ níbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́. Abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà.