Kí Ẹ Tó Lu Ihò sí Salẹ́ńsà Ayùn

Àṣà kan ti wọ àárín àwọn tí ń fi ayùn ẹlẹ́ńjìnnì gé igi. Bí ayùn bá ti lọ́ra díẹ̀, wọn a lu ihò sí salẹ́ńsà rẹ̀, wọn a sì yí kábúrétọ̀ kí pẹtiróòlù tí ń wọlé lè dín kù. Igbe rẹ̀ a sì ga sí i, wọn a pè é ní agbára. Èmi kò fara mọ́ ọn.

Inú ẹ́ńjìnnì náà kò ní ibòmíràn tí ó ti ń rí ọ́ìlì bí kò ṣe nínú pẹtiróòlù (ọ́ìlì ti ṣéènì yàtọ̀). Níbi tí a bá ti pa á láṣẹ pé ìdá 1 sí 50, mìlílítà 20 ni ti lítà 1. Nítorí náà ẹni tí ó dín pẹtiróòlù kù, ọ́ìlì ni ó dín kù. Písítìn yóò gbóná, yóò ha, ẹ́ńjìnnì yóò sì kú. Bẹ́ẹ̀ ni salẹ́ńsà tí a lu ń bèèrè pẹtiróòlù púpọ̀ sí i ni! Àwọ̀n wáyà tí wọ́n sì ń yọ sọnù níbẹ̀ ni ó ń dá iná tí ń ta jáde dúró. Ẹ rántí oko gbígbẹ nígbà ọyẹ́.

Ẹ kọ́kọ́ wo ohun tí ayùn ń tu sílẹ̀. Bí ó bá kúnná bí ìyẹ̀fun, tí kì í ṣe èérún igi, eyín ni ó kú. Ẹ fi fáìlì róbótó pọ́n ọn, iye kan náà fún eyín kọ̀ọ̀kan. Ẹ fọ àsẹ́ afẹ́fẹ́, ẹ sì wo púlọ́ọ̀gì. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe rẹ́ irin kékeré iwájú eyín lulẹ̀ ju ìwọ̀n lọ, nítorí irú ayùn bẹ́ẹ̀ a máa ta padà sójú ẹni tí ó dì í mú.