Àpò Olóko Ni Kó Jò, Kì Í Ṣe Ẹ̀dọ̀fóró Ẹlòmíràn Ni Kó Jó

Ẹni tó bá fín oògùn apakòkòrò sórí òdòdó igbó nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ méjì kó gé e, májèlé ló ń tà. Mi ò ní fi ọ̀rọ̀ náà sábẹ́ ahọ́n sọ. Ìbáà jẹ́ ilé-iṣẹ́ ńlá tó gba láísẹ́ǹsì ní Colorado, ìbáà jẹ́ ẹni tó ń gbin igi mẹ́rin péré tí òfin Canada gbà á láyè sínú yàrá kan nílé rẹ̀ ní Toronto, ẹjọ́ kan náà ni mo dá fún wọn.

Kí ẹnikẹ́ni tó fi NDLEA dá mi lóhùn: nílé wa, ẹ̀ṣẹ̀ ni igbó gbígbìn lábẹ́ òfin, mi ò sì torí ìyẹn bá ẹnikẹ́ni jà lónìí. Àwọn ibi tí wọ́n ti fọwọ́ sí i ni mo ń bá wí. Láti ọjọ́ kìíní oṣù January 2014 ni ṣọ́ọ̀bù ti ń tà á ní gbangba ní Colorado. October 2018 ni Canada sọ ọ́ di ọjà tó bófin mu jákèjádò orílẹ̀-èdè. Àwọn ọmọ wa ń gbé ibẹ̀, wọ́n ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, wọ́n sì ń rajà níbẹ̀.

Kòkòrò tó ń fa gbogbo wàhálà yìí kò tó ìdajì mìlímítà. Ẹsẹ̀ mẹ́jọ ló ní, ẹbí aláǹtakùn ni, ó sì ń ta òwú. Sípáídà máìtì làwọn tó ń gbin igbó ń pè é. Yí ewé kan dojú délẹ̀, kí o fi awò tó ń sọ nǹkan di ńlá wò ó. Wàá rí ara rẹ̀ tó mọ́ bí omi, àti àmì dúdú méjì lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Abẹ́ ewé yẹn ló ti ń fa oje mu, òun ló fà á tí tó-tò-tó funfun fi ń yọ lójú ewé lókè. Bí yàrá bá gbóná tó nǹkan bí 30 lórí òṣùwọ̀n Celsius, tí afẹ́fẹ́ ibẹ̀ sì gbẹ, nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan ni ẹyin rẹ̀ fi ń di àgbà tó ń yé ẹyin tirẹ̀. Abo kan lè yé tó ọgọ́rùn-ún. Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ sí mẹ́wàá sì ni igbó inú ilé máa ń fi tanná. Ẹni tí kò yẹ abẹ́ ewé wò lọ́sẹ̀ kejì, ọ̀sẹ̀ keje ni yóò rí òwú tí wọ́n ta láti orí òdòdó kan bọ́ sórí ìkejì, tí àwọn fúnra wọn ń tò lọ tò bọ̀ lórí rẹ̀.

Ìgbà yẹn ni ọwọ́ olóko ń lọ síbi ẹ̀rọ ìfínko. Mo mọ ohun tó máa wí. Owó iná oṣù mẹ́ta ti wọlé. Owó ilé ń dúró. Díẹ̀ báyìí ni òun fẹ́ fín, yóò ti gbẹ kúrò kó tó dé ọwọ́ ẹni tó máa mu ún.

Irọ́ ni. Tòmátò tí wọ́n fín oògùn sí, a ó fọ̀ ọ́, a ó sè é, yóò gba ikùn kọjá sínú ẹ̀dọ̀ kó tó kárí ara. Ta ló ń sè igbó kó tó mu ún? Òdòdó rẹ̀ kún fún oje tó ń lẹ̀, ohun tó bá bà lé e, ó bà lé e nìyẹn. Wọ́n á sá a gbẹ, wọ́n á tanná ràn án, èéfín rẹ̀ á gba ẹ̀dọ̀fóró wọnú ẹ̀jẹ̀ tààrà. Àwọn onímọ̀ kan yẹ èéfín igbó wò, wọ́n sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 2013: bí wọ́n bá fi ìkòkò onígíláàsì mu ún, nǹkan bí ìdá 60 sí 70 nínú ọgọ́rùn-ún oògùn tó wà lára òdòdó ló ń bá èéfín wọlé. Òmíràn tún wà nínú àwọn oògùn yìí, myclobutanil, tí wọ́n ń fín sí èso àjàrà nítorí olú. Bí iná bá kàn án, ó ń tú gáàsì hydrogen cyanide sílẹ̀, májèlé kan náà tó wà nínú ẹ̀gẹ́ kíkorò tí àwọn ìyá wa ń rẹ, tí wọ́n ń fún, tí wọ́n ń yan, kó tó di gàrí.

Ní 2015, ìlú Denver gbẹ́sẹ̀ lé igi igbó tó lé ní 100,000 nítorí oògùn tí kò yẹ kó kàn án. Nígbà tó di November ọdún náà, gómìnà Colorado, John Hickenlooper, pàṣẹ pé kí wọ́n ka irú igbó bẹ́ẹ̀ sí ewu fún ará ìlú. Ti Canada ló tún dùn mí jù. Láti ìparí 2016 bọ́ sí ìbẹ̀rẹ̀ 2017, ilé-iṣẹ́ OrganiGram ní Moncton pe ọjà padà torí pé wọ́n bá myclobutanil nínú rẹ̀, wọ́n sì tún bá bifenazate, oògùn máìtì gan-an. Mi ò sọ pé ẹnì kan mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Ṣùgbọ́n aláìsàn ni wọ́n ń tà á fún nígbà náà, nítorí ìwé dókítà nìkan lòfin fi gbà á láyè. Wọ́n sì ní ìwé ẹ̀rí pé wọn kì í lo kẹ́míkà!

Àwọn kan á ní: dóńgóyárò lèmi ń lò ní tèmi, ewé Ọlọ́run ni. Ẹ jọ̀ọ́, ewé Ọlọ́run náà ni igbó. Òróró dóńgóyárò wúlò nígbà tí igi ṣì kéré, tí kò tíì tanná. Bó bá ti lẹ̀ mọ́ òdòdó tó ti gbó, òróró ni wọ́n máa sun, òróró ni wọ́n máa fà símú. Àwọn míì á ní lábù yóò yẹ̀ ẹ́ wò. Orúkọ oògùn tí ìjọba kọ sílẹ̀ ni lábù ń wá. Èyí tí kò sí nínú ìwé, yóò kọjá lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ní Canada pàápàá, January 2019 ni àyẹ̀wò yìí tó di dandan.

Ní Amẹ́ríkà, àwáwí tó gbajúmọ̀ jù ni pé ìjọba àpapọ̀ kò ka igbó sí irè oko, torí náà EPA, àjọ tó ń bójú tó oògùn apakòkòrò níbẹ̀, kò sọ iye oògùn tó yẹ kí wọ́n fín sí i. Bí wọn kò bá kọ orúkọ igi rẹ sára ike oògùn, má fín in ni ìtumọ̀ rẹ̀.

Ìwà oníṣòwò tó da Sniper sórí ẹ̀wà nítorí kòkòrò, tó wá ń wọ̀n ọ́n fún wa ní kọ́ńgò, ni èyí. A bú wọn, ó sì yẹ ká bú wọn. NAFDAC fòfin de títa ìgò kékeré oògùn ọ̀hún lọ́jà ní 2019. Kí ló dé tí a ó wá máa kẹ́dùn pẹ̀lú olóko igbó torí pé yàrá tirẹ̀ ní AC?

Ọ̀nà wà, bí kò bá tíì pẹ́. Ẹ wo oko ẹ̀gẹ́ wa. Máìtì aláwọ̀ ewé kan wá láti Gúúsù Amẹ́ríkà, Uganda ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i ní 1971, ó sì ba oko jẹ́ kárí. Àwọn onímọ̀ IITA kò pín ẹ̀rọ ìfínko fún àgbẹ̀. Brazil ni wọ́n ti lọ mú máìtì mìíràn tó ń pa á jẹ, Typhlodromalus aripo, wọ́n sì tú u sílẹ̀ ní Benin ní 1993. Lọ́sàn-án, á fara pamọ́ sí ṣóńṣó ẹ̀gẹ́ níbi tí ewé tuntun ti ń yọ. Lóru, á sọ̀kalẹ̀ wá dọdẹ. Irú rẹ̀ tó wà fún igbó, Phytoseiulus persimilis, wà lórí àtẹ, wọ́n ń tà á nínú ike. Àmọ́ ìgbà tí igi ṣì kéré ni kí wọ́n tú u sílẹ̀. Oje òdòdó tó ti gbó ń lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, ọ̀rinrin tó sì fẹ́ràn ló ń mú òdòdó jẹrà.

Ẹni tó bá ti pẹ́, kó dín ooru yàrá kù kí bíbí wọn lè falẹ̀, kó gé èyí tó bá ti gbó, kó gba ìwọ̀n tó bá bá a. Èyí tí òwú ti bò, kó dì í sínú ọ̀rá kó sọ ọ́ nù. Lẹ́yìn náà, kó fọ ògiri àti fáànù, torí inú ihò ni àwọn abo ń sá pamọ́ sí de irè tó ń bọ̀. Àdánù ni lóòótọ́. Tirẹ̀ ni, òun ni kó gbé e. Ilé-iṣẹ́ tí wọ́n bá ká mọ́ ibi tó ti ń fín oògùn sórí òdòdó, kí ìjọba gba láísẹ́ǹsì rẹ̀, kí wọ́n má sì dá a padà láéláé.

Ìwọ tó ń rà á níbi tí òfin ti gbà á, béèrè ìwé àyẹ̀wò èyí tí wọ́n fẹ́ tà fún ọ gan-an, kì í ṣe ti oṣù tó kọjá. Bí ẹni tó dúró lẹ́yìn káńtà bá bẹ̀rẹ̀ sí í wo òkè wo ilẹ̀, fi owó rẹ sápò kí o máa lọ.