Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ń ránṣọ ládùúgbò wa ní Ìmẹ̀sí-Ilé. Òun kan náà ló ń dá orin fún ẹgbẹ́ eléré kan tó ń kiri òde ìgbéyàwó àti òde ìsìnkú. Lọ́jọ́ tí mo lọ gba ṣòkòtò mi, téèpù kọ́ ọ lọ́rùn, ó fi ṣọ́ọ̀kì há etí, àmọ́ ojú rẹ̀ pọ́n. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ní mo fẹ́ tìtorí máṣíìnì da ẹgbẹ́."

Òwe tó sọ sí mi lọ́kàn ni pé ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ẹ̀kọ́ tí òbí kọ́ ọmọ la sábà máa ń fi òwe yìí tọ́ka sí, ó sì tọ́. Àmọ́ ẹ wo ibi tí òwe náà parí sí: òde ni. Ẹni tó pa á ti gbà pé ẹ̀ṣọ́ á jáde. Aṣọ tí ò kúrò nínú àpótí, kòkòrò ni yóò jẹ ẹ́.

Ẹ wo Skepta, olórin tó ń jẹ́ Joseph Adénúgà, tí bàbá Yorùbá àti ìyá Ígbò bí, tó dàgbà sí Tottenham ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní 2005, òun àti Jme, àbúrò rẹ̀, dá ẹgbẹ́ olórin Boy Better Know sílẹ̀. Wọ́n ń kọrin, wọ́n sì ń tẹ orúkọ ẹgbẹ́ sára tíṣáàtì tà. Tíṣáàtì yẹn gan-an ni mo pè ní ẹ̀ṣọ́ ilé. Konnichiwa, àwo tí Skepta fi gba ẹ̀bùn Mercury ní 2016, lábẹ́ orúkọ ẹgbẹ́ ló ti jáde. Ní 2017, ọdún tí wọ́n jọ gba gbọ̀ngàn O2, ló gbé aṣọ tirẹ̀ jáde, Mains, tó tún gbé dé London Fashion Week ní September 2023. Láàárín ìyẹn, ní 2018, wọ́n fi í jẹ oyè Amúlùúdùn ní Odò-Ajé, ìpínlẹ̀ Ògùn.

Ó yẹ kó tètè yé àwa ará Ìmẹ̀sí-Ilé pé kéèyàn ní tirẹ̀ kì í ṣe dída ẹgbẹ́. Nígbà tí ogun Kírìjì parí ní September 1886, tí Èkìtìparapọ̀, àwọn ìlú tó jọ para pọ̀ jagun, tú ibùdó wọn nílùú wa ká, oníkálukú gba ìlú rẹ̀ lọ. A kì í pe ìyẹn ní ìdàlẹ̀. Kéèyàn wọ ẹ̀wù ẹgbẹ́ jáde, kó wá sẹ́ ibi tó ti mú un, ìyẹn ló ń dùn mí.

Mo bi í pé kí ló wà lórí tábìlì. Ó tẹ́ ẹ: bùbá àdìrẹ mẹ́fà, aláwọ̀ kan náà, fún òde ọjọ́ Sátidé. Lọ́rùn ọ̀kọ̀ọ̀kan, nínú, ó ti fi òwú pupa rán orúkọ ara rẹ̀ sí i.

"Ṣé wọ́n ti rí i?"

"Rárá, Ẹ̀gbọ́n."

Mo ní kó gbé e lọ fún wọn lálẹ́ ọjọ́ náà.