Ọmọlúàbí Kò Ní Akọ, Kò Ní Abo

Ẹ jẹ́ kí a jọ yẹ ọ̀rọ̀ kan wò.

Ní Topo, létí òkun Àgbádárìgì, bí ó ti rí káàkiri ilẹ̀ wa, tọkùnrin tobìnrin ní ń lo fóònù, ṣùgbọ́n ìlò wọn kò dọ́gba. Ọ̀pọ̀ ọkùnrin a máa fi orúkọ ara wọn jiyàn òṣèlú lórí Facebook. Ọ̀pọ̀ obìnrin a máa fi àwòrán òdòdó tàbí ti ọmọ wọn bojú, wọn a sì gbé èrò wọn lọ sínú ẹgbẹ́ WhatsApp tí ojú àlejò kò tó. Bí a bá béèrè ìdí, wọn a ní, "Àṣà wa ni."

N kò gbà. Bí ọkùnrin bá bú ènìyàn ní gbangba, a ní ó mọ ọ̀rọ̀ sọ. Bí obìnrin bá sọ òtítọ́ níbẹ̀, a ní kò nítìjú, a tún ń béèrè ẹni tí yóò fẹ́ ẹ. Òṣùwọ̀n méjì nìyẹn. Nínú èdè wa, ọ̀rọ̀ náà "ọmọlúàbí" kò ní akọ, kò ní abo.

Lóòótọ́, òwe tó ń tẹ́ obìnrin wà. Ṣùgbọ́n èdè yìí kan náà ló ní "Ìyálóde" àti "Ìyálọ́jà". Àgbádárìgì yìí ni Ẹfúnróyè Tinúbú ti ṣòwò kí ó tó di alágbára ní Èkó. Òwò ẹrú wà nínú òwò rẹ̀, n kò sì yìn ín fún ìyẹn. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè ní kò lóhùn láwùjọ. Ní 1949, ìfẹ̀hónúhàn àwọn obìnrin Ẹ̀gbá, tí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti ṣáájú, mú kí Aláké fi oyè sílẹ̀. Ní 2014, nígbà tí wọ́n jí ọmọbìnrin 276 gbé ní Chibok, Oby Ezekwesili wà lára àwọn tó mú kí igbe #BringBackOurGirls kárí ayé.

Àwọn kan yóò ní ààbò ni àwọn ń wá fún ọmọbìnrin, nítorí èébú àti ìfipá-lọni pọ̀ níbẹ̀. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí olè bá wọ ọjà, ṣé ìyá ọlọ́jà ni a ó lé ni, àbí olè? Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni a ti ń polówó ọjà, ibẹ̀ ni a ti ń jíròrò ọ̀rọ̀ ìlú. Ẹni tí a lé níbẹ̀, a ti lé e nínú ìgbìmọ̀.

Ẹ̀yin òbí, ẹ má gba fóònù lọ́wọ́ ọmọbìnrin. Ọmọkùnrin tó ń bú u ni kí ẹ bá wí. Bí ọkùnrin réjò, tí obìnrin pa á, kí ejò ṣáà ti kú ni.

Ire o.