Kí Àgbá Tó Kún

Ẹ̀yin ará wa, ọ̀rọ̀ yìí kò ní dùn létí gbogbo wa. Lọ́dọọdún ni àwa tí a wà ní ìlú Ọba ń kó kọ̀ǹpútà àlòkù sínú àgbá, tí a ń fi aṣọ wé e, tí a ń fi ọkọ̀ òkun ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n àti ọmọ àbúrò wa nílé, tí a sì ń retí ọpẹ́. BIOS ẹ̀rọ náà ńkọ́? Ta ló yẹ̀ ẹ́ wò?

Inú ṣíìpù kékeré kan lára motherboard, ìyẹn pátákó tí gbogbo ẹ̀yà kọ̀ǹpútà so mọ́, ni wọ́n kọ BIOS sí. Òun ló ń kọ́kọ́ jí bí a bá tan ẹ̀rọ, kí ó tó pe Windows. UEFI ni wọ́n ń lò lára àwọn ẹ̀rọ ìgbà yìí, ṣùgbọ́n ẹnu wa kò tíì kúrò lórí BIOS. Àwọn tó ṣe ẹ̀rọ a máa gbé ẹ̀dà tuntun jáde láti dí ihò tí olè lè gbà wọlé. Ní 2023, àwọn olùwádìí fi hàn pé àwòrán àmì iléeṣẹ́ tó ń yọ lójú kọ̀ǹpútà nígbà tó bá ń jí pàápàá lè di ọ̀nà olè. LogoFAIL ni wọ́n pè é.

Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni gbígbé ẹ̀dà tuntun wọlé ń gbà. Ṣùgbọ́n láàárín ìṣẹ́jú wọ̀nyẹn, ti àtijọ́ ti pa rẹ́, tuntun kò sì tíì wọlé tán. Bí iná bá lọ níbẹ̀, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ kò ní jí mọ́: fáànù á máa yí, ojú rẹ̀ á ṣókùnkùn. Níhìn-ín, iná kì í sábà ṣẹ́jú. Nílé ńkọ́? Láti 2005 ni NEPA ti yí orúkọ padà, síbẹ̀ àwọn ọmọdé kò tíì yéé pariwo “Up NEPA!” bí iná bá dé.

Àwa fúnra wa jẹ̀bi. Orí tẹlifóònù la ti ń darí ọmọ àbúrò wa kan ní Ìbàdàn: tẹ ibí, tẹ ọ̀hún. Kọ̀ǹpútà orí tábìlì ni, kò ní bátìrì tí yóò gbé e dúró. Ó dé ìdajì, iná lọ. Ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ wá, bí ẹni pé òun ló mú iná lọ! Ojú tì wá.

Àwọn kan á ní, “Ẹ fi wọ́n sílẹ̀, àwọn ọmọ Computer Village ní Ìkẹjà á tún un ṣe.” Òótọ́ ni, wọ́n mọ iṣẹ́ náà jù wá lọ. Wọn a fi irinṣẹ́ kékeré kan há ṣíìpù náà, wọn a sì kọ BIOS mìíràn sínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni yóò sanwó? Ẹni tí a ní a ta lọ́rẹ ni. Irú ọrẹ wo nìyẹn?

Ti pásíwọ́ọ̀dù tún wá burú jù. Kọ̀ǹpútà alágbèéká tí iléeṣẹ́ kan lò tì lè ní pásíwọ́ọ̀dù BIOS tí ẹni tó tà á fún wa kò mọ̀. Ẹ má rò pé bí a bá yọ bátìrì roboto CR2032 tó wà nínú rẹ̀, ó parí. Lára ọ̀pọ̀ alágbèéká iléeṣẹ́, kò ràn án. Bátìrì náà fúnra rẹ̀ bá sì ti kú, aago á padà sẹ́yìn, àwọn ojúlé íntánẹ́ẹ̀tì á máa kọ̀ láti ṣí. Owó kékeré là ń rà á níbí.

Nítorí náà, ẹni tó bá ní kọ̀ǹpútà láti fi ránṣẹ́ kí Kérésìmesì tó dé, kó gbé e wá sí ìpàdé wa, kó sì mú okùn iná rẹ̀ dání. Iwájú gbogbo yín la ó ti yẹ̀ ẹ́ wò. Èyí tó bá ní pásíwọ́ọ̀dù tí a kò lè ṣí kò ní wọ inú àgbá ẹgbẹ́, ì báà jẹ́ ti alága.