Ilé ni à ń wò: Ọ̀rọ̀-Ìperí fún Kẹ̀kẹ́ Ẹlẹ́sẹ̀-Mẹ́ta

Kò sí àríyànjiyàn mọ́ pé a lè fi èdè Yorùbá kọ́ ènìyàn ní ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì. Ètò ọlọ́dún mẹ́fà tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1970 ti fi èyí hàn. Ohun tí ó kù ni ọ̀nà tí ó yẹ kí a gbà ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀-ìperí. Àwọn kan gbà pé bí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọ̀ọ̀kan bá ti ní ọ̀rọ̀ Yorùbá tí ó dúró fún un, iṣẹ́ ti parí. Èrò yìí kò tọ̀nà. Ìwé ìtọ́nisọ́nà kan ṣoṣo, èyí tí ó wà fún títo kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀-mẹ́ta ti àgbàlagbà, tó láti fi àléébù rẹ̀ hàn.

Orúkọ ni ó kọ́kọ́ fa ìṣòro. Bí a bá dárúkọ kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀-mẹ́ta ní ìgboro, kẹ̀kẹ́ Márúwá tí ó ní ẹ́ńjìnnì ni ó ń wá sí ọkàn, èyí tí ó gba orúkọ rẹ̀ lára Buba Marwa, alákòóso ológun Ìpínlẹ̀ Èkó láti 1996 sí 1999. Bí èdè ti ní bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá, kẹ̀kẹ́ àfẹsẹ̀wà ẹlẹ́sẹ̀-mẹ́ta yóò mú ìyàtọ̀ náà hàn.

Ṣùgbọ́n inú àṣẹ tí ìwé ń pa ni ewu wà. Olùtúmọ̀ tí kò fọwọ́ kan pẹ́dà rí yóò kọ ọ́ pé: "Yí i sí ọ̀tún títí yóò fi le." Òótọ́ ni èyí fún pẹ́dà ọ̀tún. Ní ti òsì, ìlà wíwé tí ó wà ní ìdí rẹ̀ lọ́ sí òdì-kejì. Ẹni tí ó bá fi agbára tẹ̀lé àṣẹ náà yóò ba ìlà wọ̀nyí jẹ́, pẹ́dà yóò sì lè yọ lábẹ́ ẹsẹ̀ ẹni tí ó ń wà á. Gbólóhùn kan wà tí ó bá ìhà méjèèjì mu: "Na ọwọ́ sípánà sókè, kí o sì tẹ̀ ẹ́ sí ìhà iwájú kẹ̀kẹ́."

Bákan náà ni ìlà tí ó wà lára ọ̀pá ìjókòó. Bí a bá pè é ní "ìlà ìwọnú tí ó kéré jù lọ", kò sí ohun tí òǹkàwé yóò rí dì mú. Bí a bá pè é ní ìlà àìgbọdọ̀hàn, orúkọ náà fúnra rẹ̀ ti kìlọ̀ pé bí ìlà bá hàn síta, ọ̀pá kò tí ì wọlé tó, ó sì lè ṣẹ́ tàbí kí ó yọ.

Ní ti wíwà á, ọ̀rọ̀-ìṣe "tẹ̀" ni ó gba ìṣọ́ra. Kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀-méjì máa ń bá ẹni tí ó gùn ún tẹ̀ ní kọ́nà. Ẹlẹ́sẹ̀-mẹ́ta kì í tẹ̀. Bí eré bá pọ̀, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn tí ó wà ní ìhà tí a ń yà sí yóò gbéra nílẹ̀, kẹ̀kẹ́ yóò sì dojú dé sí ìhà kejì. Nítorí náà, "tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́" nìkan kò tó. Ohun tí ó yẹ ni: "Dín eré kù kí o tó dé kọ́nà, fi ara rẹ tẹ̀ sí ìhà tí o ń yà sí, má retí pé kẹ̀kẹ́ yóò bá ọ tẹ̀."

Àwọn arúgbó àti àwọn tí ìdúró wọn kò fìdí múlẹ̀ wà lára àwọn tí ó ń lo kẹ̀kẹ́ yìí jù. Egungun wọn ni yóò san gbèsè àṣìtúmọ̀. Àwọn tí ó fa ìjánu yọ lẹ́nu ẹṣin, tí wọ́n fi sọ bíréèkì lórúkọ, iṣẹ́ tí nǹkan ń ṣe ni wọ́n wò. Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ó yẹ kí ìgbìmọ̀ ọ̀rọ̀-ìperí gbé kẹ̀kẹ́ sí àárín, kí wọ́n pe atúnkẹ̀kẹ́ṣe jókòó, kí wọ́n sì fi ìtumọ̀ wọn lé ẹni tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́ kí ó tò ó lójú wọn, kí wọ́n tó tẹ ọ̀rọ̀ kankan jáde.