Ẹ Má Ṣe Gé Sítáǹbù Kúrò Lára Àpò Lẹ́tà

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, àwọn kan a máa gé sítáǹbù kúrò lára àpò lẹ́tà Amẹ́ríkà àtijọ́, wọn a sì sọ àpò náà nù. Èmi kò gbà pé ìwà ọlọ́gbọ́n ni. Ọ̀pọ̀ òǹtẹ̀ ilé ìfìwéránṣẹ́ ìgbà náà fi ìlú, oṣù àti ọjọ́ hàn, ṣùgbọ́n kò fi ọdún hàn. Iye owó tí a san ni yóò ràn wá lọ́wọ́. Láti 1845, lẹ́tà tí kò wúwo ń gba sẹ́ǹtì 5 bí ọ̀nà rẹ̀ kò bá ju 300 máìlì lọ. Ní 1851, ó di sẹ́ǹtì 3 fún ẹni tí ó bá san owó ṣáájú. Òfin 1863 pín ìwé sí ọ̀wọ́ 3. Ti 1879 sọ ọ́ di 4. Lẹ́yìn 1885, nígbà tí lẹ́tà ń gba sẹ́ǹtì 2, sítáǹbù sẹ́ǹtì 1 lára àpò tí a kò lẹ ẹnu rẹ̀ sábà ń sọ pé ìwé títẹ̀ ni ó wà nínú rẹ̀. Bí a bá gé sítáǹbù náà, ta ni yóò jẹ́rìí? Igi kan kì í dá igbó ṣe. Ẹ jẹ́ kí a pa àpò náà mọ́ lódindi.